Ọjọ́ Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Gbé Olùkọ́ Rẹ̀ Dé Igando

Bí o bá dé Ìṣẹ̀rí-Olófin tí o ń bèèrè Àdíját Ọláṣùpọ̀, àwọn ènìyàn á kọ́kọ́ máa wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n bí o bá ní Ìyá Ẹ́ẹ̀lì lò ń wá, ọmọdé pàápàá á mú ọ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́tà L pupa gàdàgbà tó lẹ̀ mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ Kòrólà rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yìí. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà. Gàníyù ọkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣe iṣẹ́ awakọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé, ló kọ́ òun náà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra.

Bíréèkì méjì ló wà nínú ọkọ̀ náà, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ olùkọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń sọ pé bíréèkì kẹta wà níbẹ̀, ẹnu Ìyá Ẹ́ẹ̀lì ni. Ẹnu náà kì í sinmi. "Ẹ wo dígí! Dígí, mo ní dígí! Ṣé torí kí ẹ lè máa wé gèlè ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀ ni?" Kó tó di pé wọ́n dé òpin àdúgbò, ó ti bú akẹ́kọ̀ọ́, ó ti bú ẹni tó wà níwájú, ó ti bú ewúrẹ́ tó ń sọdá, ó sì ti rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni nígbà tí nǹkan yìí ṣẹlẹ̀.

Ó ti tó oṣù méjì tí nǹkan kan ti ń fún un láyà. Bí ó bá ń yára rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, àyà rẹ̀ á wúwo bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé e. Bí ó bá dúró mí díẹ̀, á lọ. Ọgbẹ́ inú ló pè é. Ó ń ra oògùn olómi funfun ní kẹ́mísì, ó dín ata kù, kò sì sọ fún ẹnì kankan, àní kò sọ fún Aasiyah ọmọ rẹ̀, tíṣà tí wọ́n jọ ń gbé.

Ẹni tó máa ń kọ́kọ́ kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé nígbà náà ni Simeon, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Dọ̀tun. Ọmọ Èkìtì ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Olúwadọ̀tun ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà ló ra ọkọ̀ fún un. Ọkọ̀ ọ̀hún dé, Bàbá Dọ̀tun ò lè wà á, adìẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé sábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Dọ̀tun," Lucy ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan, "ṣé mọ́tò lọmọ yín rà fún wa ni, àbí ilé adìẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹ́ẹ̀lì. Akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa ni. Kò sí àmì ojú pópó tí kò mọ̀, láàárín àdúgbò ó sì ń wakọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Títì ńlá ni kò fẹ́ rí. Oṣù kẹrin rèé, ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti dé oríta tí wọ́n ti ń bọ́ sí títì tó lọ sí Igando, tó sì rí bí àwọn tírélà ṣe ń fò kọjá, á di síárìn mú gírígírí, á sì tẹ bíréèkì.

"Màdáámù, ẹ jẹ́ ká yí padà," á sọ. "Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," Ìyá Ẹ́ẹ̀lì á fèsì. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wá gbé títì bá yín nílé ni?"

Wọ́n á yí padà, wọ́n á sì tún máa yí po láàárín àwọn òpópónà kéékèèké.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi sì dúró nínú gbogbo kòtò. Aago mẹ́jọ ti lọ díẹ̀. Bàbá Dọ̀tun wà nídìí síárìn, Ìyá Ẹ́ẹ̀lì jókòó tì í. Bí wọ́n ṣe yà kúrò ní òpópónà àkọ́kọ́, Bàbá Dọ̀tun gbàgbé láti tẹ kílọ́ọ̀ṣì dáadáa, jíà sì ké gààrà. Ó ká èjìká sókè, ó ń dúró de èébú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wọ kòtò kan tó yẹ kó yà fún, orí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Síbẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà á. Ó yíjú wò ó.

Ìyá Ẹ́ẹ̀lì ti fẹ̀yìn ti àga, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di àyà mú. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú ọjọ́ tutù lẹ́yìn òjò. Ètè rẹ̀ ti funfun.

"Màdáámù! Kí ló dé?"

"Ọgbẹ́ inú mi yìí ni." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. "Ṣùgbọ́n tòní... ó ti gun apá mi."

"Apá wo?"

"Apá òsì. Àti àgbọ̀n mi."

Ọgbọ̀n ọdún ni Lucy fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá sì fẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún, yóò gbọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ láìmọye ìgbà pé bí àyà bá ń fún ènìyàn, tí ìrora náà wá ń lọ sí apá òsì tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù sì ń bò ó, kí wọ́n má ṣe wá kẹ́mísì kiri. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n máa sáré lọ, torí pé ọkàn ni.

Bàbá Dọ̀tun wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó ń wá ẹni tó mọ ọkọ̀ wà. Kò rí ju obìnrin kan tó ń gbá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ó mú fóònù, ó pe Lucy, ó sì sọ ohun tó rí. Kò tíì sọ ọ́ tán tí Lucy fi pariwo sí i létí:

"Kí lẹ wá ń fi fóònù ṣe? Ẹ gbé e lọ sí ọ̀sibítù ìjọba ní Igando! Nísinsìnyí! Màá pe ọmọ rẹ̀."

"Lucy, títì ni mà á gbà o."

"Bàbá Dọ̀tun, ẹ bọ́ sí títì!"

Ó fi fóònù sílẹ̀. "Olúwa, ìwọ lo mọ̀ ọ́n wà," ó sọ ọ́ sókè, ó sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọkọ̀.

Ní oríta, àwọn ọlọ́kadà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn ni Goodluck, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tí òun àti Ìyá Ẹ́ẹ̀lì jẹ́ ológbò àti eku. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí Goodluck kì í já wọ iwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí Ìyá Ẹ́ẹ̀lì kì í yọ orí láti ojú fèrèsé kó fi èébú là á mọ́lẹ̀. Nígbà tó rí ọkọ̀ náà, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ẹnì kankan ò bú òun. Ó tẹjú mọ́ inú ọkọ̀.

"Ah-ah! Mama! Wetin happen?"

"Ọkàn ni," Bàbá Dọ̀tun kígbe. "Igando là ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ títì í wà!"

Goodluck kò bèèrè ìbéèrè kejì. Ó ta ọ̀kadà rẹ̀ jí. "Baba, follow me! Ẹ ṣáà máa wo ẹ̀yìn mi, ẹ má wo ẹlòmíì."

Bí wọ́n ṣe bọ́ sí títì nìyẹn. Goodluck ń tẹ họ́ọ̀nù, ó na ọwọ́ kan sókè, ó ń ké sí àwọn ọkọ̀ kí wọ́n yà. Bàbá Dọ̀tun tan gbogbo iná ọkọ̀, ó fi ojú lé ẹ̀yìn ọkùnrin náà bí ọmọ tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ nínú ọjà. Tírélà kan kọjá lápá òsì, ilẹ̀ mì tìtì, kò wò ó. Níbi tí ọ̀nà ti há, ọlọ́pàá kan jáde láti dá wọn dúró. Goodluck sọ nǹkan sí i lẹ́nu eré, ọlọ́pàá náà sì fúnra rẹ̀ dá àwọn ọkọ̀ tó kù dúró fún wọn. Gbogbo ìgbà náà ni Bàbá Dọ̀tun ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, torí Lucy ti sọ fún un rí pé kí ènìyàn má fi aláìsàn sílẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

"Màdáámù, mò ń wo dígí o! Ẹ gbọ́? Mo ti wò ó. Mo tún ń wò ó!"

"Mo gbọ́," Àdíját fèsì pẹ̀lú ìṣòro. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ó tún sọ pé, "Ẹ... ẹ yí jíà."

Inú Bàbá Dọ̀tun dùn dé ibi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn jáde kí Bàbá Dọ̀tun tó pa ẹ́ńjìnnì, torí Goodluck ti sáré wọlé lọ pè wọ́n. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ àyà àti ẹsẹ̀ Àdíját, ẹ̀rọ kékeré kan sì ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sórí bébà. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wo bébà náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára.

"Mama, kì í ṣe ọgbẹ́ inú o," ó sọ fún un. "Ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn yín ló ti dí. Ẹ run ásípírìn yìí lẹ́nu, ẹ má gbé e mì lódidi. Àwọn wọ̀nyí náà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín dì sí i. Ẹ ti tètè dé, ìyẹn ló ń dùn mọ́ mi nínú. À ń gbé yín lọ síbi tí wọ́n ti máa ṣí iṣan náà."

Aasiyah dé pẹ̀lú ìbòrí tó ti yẹ̀ lórí, bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọ̀ sẹ́sẹ̀ méjèèjì. Òun ló tẹ̀lé ìyá rẹ̀ nínú áńbúláǹsì lọ sí ilé ìwòsàn ọkàn kan ní apá Ìkẹjà. Owó ibẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn gbé e, àwọn tí ìyá wọn ti kọ́ lọ́kọ̀ láti ọdún pípẹ́ wá sì dá sí i nígbà tí wọ́n gbọ́.

Dókítà tó gbà á ń jẹ́ Súmbọ̀, obìnrin kúkúrú kan tó wọ ẹ̀wù tó wúwo bíi ti ṣọ́jà, nítorí ìtànṣán ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ara. Ó tẹ orí ba sétí Àdíját.

"Mama, a ò ní la àyà yín. A ò sì ní kùn yín lóorun. Ọrùn ọwọ́ yín la máa gbà wọlé. Túùbù kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn sípágẹ́tì la máa tì bọ inú iṣan, yóò máa lọ títí yóò fi dé ọkàn. Ẹ máa gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Bí nǹkan bá ń ṣe yín, ẹ sọ."

"Títì ọ̀hún wá jìn o," Àdíját sọ.

"Kò jìn fún ẹni tó mọ̀nà, mà."

Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ kan ní ọrùn ọwọ́, ibẹ̀ kú tipiri. Lẹ́yìn ìyẹn, kò mọ̀ ju pé ẹnì kan ń ti nǹkan díẹ̀díẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fín oògùn tó ń jẹ́ kí iṣan hàn, ara rẹ̀ gbóná wìì láti orí dé àtàǹpàkò, ó sì lọ. Àwòrán ńlá kan wà lápá òsì rẹ̀, ọkàn rẹ̀ alára ló ń lù nínú rẹ̀. Ó rí àwọn iṣan dúdú tó pín sọ́tùn-ún sósì bí ẹ̀ka igi. Ó rí ọ̀kan tó kàn gé lójijì láàárín ọ̀nà, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e.

"Ṣé ibẹ̀ nìyẹn?"

"Ibẹ̀ nìyẹn, mà."

Wáyà kan tí kò sanra ju irun lọ ń yọ́ lọ lórí àwòrán náà. Ó dé ibi tí iṣan ti yí, ó sì dúró díẹ̀. Pẹ̀lú bí àyà ṣe ń ro ó tó, Àdíját kò lè mú un mọ́ra. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń jókòó ti ẹni tó ń wakọ̀.

"Kọ́nà ni o! Ẹ rọra. Ẹ má fi ìkánjú gbà á."

"Mo ti rí i, mà."

"Ẹ wo dígí kẹ́ ẹ tó yà."

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín. Dókítà Súmbọ̀ di ẹnu mọ́ra lẹ́yìn ìbòmú rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

"Mama, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ò gbọdọ̀ gbọ̀n níbí yìí."

Wáyà náà gba kọ́nà, ó sì la ibi tó dí kọjá. Dókítà ti bàlóònù kékeré kan lé e lórí, ó fẹ́ ẹ níbẹ̀ kó lè ti ìdọ̀tí tó dí iṣan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fún ìgbà díẹ̀, àyà tún fún Àdíját gan-an, ó sì ń ké "Lá iláha illallah" lábẹ́lẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n wá tẹ́ sítẹ́ǹtì síbẹ̀, irin wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n tó tò yípo, tí yóò máa gbé ògiri iṣan náà dúró kó má baà tún pa dé. Wọ́n tún fín oògùn sí i. Lórí àwòrán, ẹ̀ka tó ti gé tẹ́lẹ̀ tan láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ sì yọ jáde.

Àdíját mí kanlẹ̀. Ó tún mí lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò.

"Ó ti gbéra," ó sọ. "Dókítà, ọlọ yẹn ti gbéra láyà mi."

"Ẹ kú oríire, mà."

"Alhamdulillahi! Ọmọ mi, ọwọ́ ẹ ò ní gbọ̀n láé. Ṣé o gbọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Dọ̀tun àti Lucy wá kí i. Wọ́n bá a tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi aṣọ wé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń mu ògì. Bí Lucy ṣe dì mọ́ ọn ni Bàbá Dọ̀tun dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Bàbá," Àdíját pè é. "Ta ló wakọ̀ dé Igando lánàá?"

"Èmi ni."

"Lórí títì?"

Bàbá Dọ̀tun kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ rí. "Lórí títì," ó sọ díẹ̀díẹ̀.

"Jíà wo lẹ fi sáré?"

"Màdáámù, ká sòótọ́... mo rò pé jíà kejì ni mo fi dé ibẹ̀."

"Jíà kejì! Láti Ìṣẹ̀rí dé Igando! Ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì mi!" Ó sì rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi yọjú wá wò ó. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó di ọwọ́ Bàbá Dọ̀tun mú. "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ pàdánù ẹni tó máa gbé yín."

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kó tó lọ, Dókítà Súmbọ̀ to oògùn sílẹ̀ níwájú òun àti Aasiyah. Ásípírìn wà níbẹ̀, yóò máa lò ó títí ayé. Òmíràn wà tí òun àti ásípírìn yóò jọ máa ṣọ́ sítẹ́ǹtì kí ẹ̀jẹ̀ má dì sí i, ìyẹn fún ọdún kan. Ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà, alaalẹ́ ni. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà. Ó ní kó dín iyọ̀ àti ẹran ọlọ́ràá kù, kó sì máa rìn lójoojúmọ́.

Ìyá Ẹ́ẹ̀lì ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń lo oògùn, ó ń rìn láàárọ̀ pẹ̀lú Lucy láti ilé dé ìdí ọjà, ara rẹ̀ ń le sí i lójoojúmọ́. Ara tó le yẹn gan-an ló fẹ́ kó o sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ó ṣàkíyèsí pé eyín òun ń ṣẹ̀jẹ̀ bí òun bá ń run pákò, pé apá òun sì ń dúdú bí òun bá fi kan nǹkan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé oògùn ti pọ̀ jù, àìsàn ti lọ. Kò sọ fún Aasiyah. Ó kàn ń kó oògùn tí wọ́n bá gbé fún un sínú ife kan lókè kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ kejì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni Lucy àti ọkọ rẹ̀ wá kí i. Lucy fẹ́ mu omi, ó nawọ́ gán ife, oògùn sì dà sílẹ̀ wàràwàrà.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ilẹ̀. Bàbá Dọ̀tun, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ kó jágbe rí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyá Aasiyah, ẹ ò lè ṣe èyí fún wa!" Ó na ìka sí oògùn tó wà nílẹ̀. "Mo wa ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ẹ̀rù tí mi ò lè ròyìn. Goodluck fi ara rẹ̀ wewu níwájú àwọn tírélà. Ọmọ yín wọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé Ìkẹjà. Ẹ wá ń kó oògùn sínú ife?"

Ìyá Ẹ́ẹ̀lì wo ilẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé, ó sì ṣàlàyé bí eyín rẹ̀ ṣe ń ṣẹ̀jẹ̀ àti bí apá rẹ̀ ṣe ń dúdú. Lucy pe Dókítà Súmbọ̀ lórí fóònù, ó ròyìn ohun gbogbo fún un, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Mama," dókítà sọ, "irin tuntun ni mo fi sí yín láyà. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n, bó bá ti kàn án, dídì ló fẹ́ dì. Oògùn yẹn ló ń dá a lẹ́kun títí ara yín á fi bo irin náà. Bí ẹ bá dá a dúró fúnra yín, iṣan yẹn lè dí padà lójijì, ó sì lè burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ eyín yẹn, ẹ pa pákò tì, ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Ẹ wá rí mi lọ́la kí n yẹ̀ yín wò. Ohunkóhun tó bá sì ń dààmú yín nípa oògùn, ẹ pè mí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ṣé a gbọ́ra wa?"

"A gbọ́ra wa, dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Ẹ lo ti òní báyìí kí n gbọ́."

Ó lò ó lójú gbogbo wọn, ó sì la ẹnu kí Lucy wò ó. Àtìgbà náà ni kò ti pa ọjọ́ kan jẹ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, dókítà yọ̀ǹda fún un láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Goodluck ló kọ́kọ́ rí ọkọ̀ Ẹ́ẹ̀lì lóríta, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ já wọ iwájú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ara ìyá náà ti yá lóòótọ́. Orí Ìyá Ẹ́ẹ̀lì yọ láti ojú fèrèsé. Ohun tó sọ fún un lọ́jọ́ náà, kò ṣe é kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn ọlọ́kadà pàtẹ́wọ́, Goodluck sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Dọ̀tun ṣe ìdánwò ọkọ̀, ó yege lẹ́ẹ̀kan náà. Òun àti Lucy ti wakọ̀ dé Adó-Èkìtì báyìí, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀.

Nígbà tí Ràmàdáánì ń bọ̀, Àdíját lọ bá dókítà ní oṣù kan ṣáájú láti bèèrè bí òun yóò ṣe gba ààwẹ̀ pẹ̀lú oògùn. Dókítà Súmbọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó mú kó rìn lórí ẹ̀rọ títí ó fi làágùn, ó sì rí i pé ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó pín oògùn náà sí méjì, apá kan ní sààrì, apá kejì bí wọ́n bá ti ṣínu. Ó kìlọ̀ pé bí àyà bá fún un pẹ́rẹ́n, kó já ààwẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀, Ọlọ́run ò ní bínú. Àyà kò fún un. Ó gba gbogbo rẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ Ìtunu Ààwẹ̀, ilé rẹ̀ kún. Bàbá Dọ̀tun àti Lucy wà níbẹ̀, Goodluck wà níbẹ̀, ìrẹsì wà nínú kúlà ńlá, àwọn ọmọ àdúgbò ń wọlé ń jáde. Láàárín ariwo yìí ni fóònù Àdíját dún. Dókítà Súmbọ̀ ni.

"Mama, ẹ kú ọdún o!"

"A kú ọdún, ọmọ mi! Ẹ̀mí á ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀."

"Àmín. Ṣé ẹ ti lo oògùn?"

"Mo ti lò ó láti àárọ̀."

"Ẹran ńkọ́? Mélòó lẹ jẹ?"

Àdíját wo àwo tó wà lórí itan rẹ̀. Ó fi ìka bo ẹnu sí àwọn tó yí i ká. "Ẹyọ kan péré ni, dókítà. Èyí tí kò ní ọ̀rá."

"Irọ́ ni!" Aasiyah pariwo láti ilé ìdáná. "Ẹ má gbà á gbọ́, dókítà! Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló wà lọ́wọ́ wọn yẹn!"

Ẹ̀rín bú jáde nínú ilé, ó tún bú jáde nínú fóònù. Ìyá Ẹ́ẹ̀lì gbé ẹran kẹta náà sínú àwo Goodluck, ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún dókítà pé ọmọ tí òun bí gan-an ló ń tú àṣírí òun yìí.